Apẹ̀rẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ọkọ̀ Ojú Omi

Òórùn gáàsì ló kọ́kọ́ pàdé mi ní pápá etí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹja yíyan tó wà lára aṣọ tèmi fúnra mi. Ìwọ náà mọ̀ pé èéfín kì í kúrò lára àwa tá a ń yan ẹja l'Ọ́jà Olúwo, bó ti wù ká fọṣọ tó. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ọ̀sà sì pa rọ́rọ́ bí epo inú agbada tí wọn ò tíì dáná sí. Àárín pápá ni wọ́n tẹ́ bàlúùnù náà sí, aṣọ ńlá pupa àti yẹ́lò, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń wú díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹnu fẹ́ o. Iná ni wọ́n fi ń mú inú rẹ̀ gbóná títí yóò fi gbéra nílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ńlá kan sì so mọ́ abẹ́ rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ yẹn lèèyàn ń dúró sí.

Ọmọ ọmọ mi ló pè wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó gbé bàlúùnù náà wá fún ìgbà ọdún ni, wọ́n sì gbà á láyè kó mú ẹni méjì wá gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Ó mú èmi, ó sì mú ìyá bàbá rẹ̀. Àna mi yẹn, ará Ọ̀ṣun ni, Ìkòròdú ló ń gbé, nínú ilé kan náà tí ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ háyà. Òun ló tọ́ ọmọ náà láti kékeré. Èmi, ìgbà Iléyá ni mo máa ń rí i, tí mo bá di ẹja lọ fún wọn. Jẹ́ kí n sòótọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi: mo jowú obìnrin yẹn. Kì í ṣòní, kì í ṣàná. Màmá ni ọmọ ń pè é. Èmi, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni mò ń jẹ́, bí ẹni pé pátákó ojú títì ni mí.

Ẹ̀rù ti ba àna mi kó tó débẹ̀. Ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì dojú ìbéèrè kọ ọkùnrin tó ń wa bàlúùnù.

“Ọ̀gá, tí iná yẹn bá kú ńkọ́?”

“Màmá, méjì ni. Ọ̀kan ń dúró de èkejì. Tí inú rẹ̀ bá sì tutù, ṣe la máa rọra sọ̀ kalẹ̀.”

“Tí atẹ́gùn bá wá gbé wa sọ sínú ọ̀sà?”

Ọkùnrin náà fi okùn mẹ́ta hàn án, ó nípọn tó ọwọ́ ọmọdé, wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbéra láàárọ̀, nígbà tí atẹ́gùn ò tíì jí. Ó tiẹ̀ tú bàlúùnù kékeré kan sókè kó lè rí ibi tí atẹ́gùn ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Èmi ti wo èéfín àwọn tó ń yan ẹja lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń gòkè tààrà bí òpó. Mo ti mọ̀ pé atẹ́gùn ò sí.

“Àna mi,” ni mo wí, “ṣé ẹ ò kúkú ní bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ náà?”

Ọmọ ọmọ mi wojú mi, kò rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà wá ní, “Ẹ fi èyí sọ́kàn. Tá a bá ń kanlẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ di okùn inú apẹ̀rẹ̀ mú, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ títí màá fi ní ó yá.” Àna mi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó wá ń kà á sẹ́nu bí ọmọ iléèwé: ẹ tẹ orúnkún, ẹ má sọ̀. Èmi ò gbọ́ tó ìdajì. Ọwọ́ ọmọ ọmọ mi ni mò ń wò, ó ti di ọwọ́ àna mi mú. “Màmá, ẹ má bẹ̀rù, mo wà níbí.”

Bísímílà ni mo ṣe tí apẹ̀rẹ̀ fi gbéra. Iná yẹn ń bú gbùù lókè orí wa, ó ń gbóná sí mi ní àtàrí bí ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò. Ilẹ̀ kàn ń sún kúrò lábẹ́ wa ni, kò sí jìgìjìgì kankan. Mo rí òrùlé Ọjà Olúwo, mo rí àwọn ọkọ̀ lórí omi, wọ́n kéré bí èèpo ẹ̀gúsí. Mo nawọ́ sí ọ̀nà Èjìnrìn. “Wo ọ̀hún, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.” Ọmọ náà ní, “Ó dáa, Ìyá Ẹ̀pẹ́,” ṣùgbọ́n kò yíjú. Òógùn ojú àna mi ló ń nù. Ẹ̀rù ń ba èmi náà o. Mo di etí apẹ̀rẹ̀ mú gírígírí lẹ́yìn mi kí wọ́n má bàa rí i. Kò sẹ́ni tó bi mí, nítorí mo ti sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó dàgbà nínú ọkọ̀ ojú omi kì í bẹ̀rù atẹ́gùn.

Wàyí o, ní Èjìnrìn tiwa, bí orí ọkọ̀ bá ti fara kan iyanrìn, ẹni tó bá sún mọ́ iwájú á bẹ́ sílẹ̀, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, kó sì dì í mú fún àwọn tó kù. Ẹni tó bá jókòó títí wọ́n fi ní kó sọ̀, ẹrù là ń pè é. Bí apẹ̀rẹ̀ ṣe kanlẹ̀ gbì báyìí, inú mi ní, àkókò rẹ rèé, jẹ́ kọ́mọ yìí rí ẹni tó mọ nǹkan. Mo ki ẹsẹ̀ kan bọ ihò ara apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń gùn ún, mo gbé èkejì kọjá etí rẹ̀. Àfi bí apẹ̀rẹ̀ ṣe ta padà sókè!

Ọkùnrin náà pariwo. Ìdajì ara mi wà níta, ilẹ̀ ti ń jìnnà. Ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ mi ní ìbàdí. “Wọ́n ní ká má sọ̀! Ìyá Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní ká má sọ̀! Jésù!” Àna mi ni. Ó ti jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ, ó ti jọ̀wọ́ okùn. Aṣọ mi ya, ṣùgbọ́n inú ni mo ṣubú sí, orí rẹ̀ gan-an ni mo sì jókòó lé.

Nígbà tá a kanlẹ̀ tán pátápátá, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ níwájú mi. “Màmá, tí ìwúwo yín bá bọ́ kúrò nínú rẹ̀ lójijì, òkè ló máa padà sí. Ẹ̀yin á já bọ́, àwọn yìí á sì bá a ta lọ sókè títí okùn á fi fà á dúró.” Ó nawọ́ sí àna mi, ó nawọ́ sí ọmọ ọmọ mi. Nítorí owú, mo fẹ́ẹ̀ ju ọmọ tí mò ń jowú lé lórí sójú sánmà.

A jókòó sórí koríko. Àna mi gbọn koríko kúrò lára aṣọ rẹ̀. “Ẹ máa bú ìbẹ̀rù mi,” ló wí. “Ẹni tẹ́rù ń bà, etí rẹ̀ kì í sùn.” N kò lè dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Má rẹ́rìn-ín mi o: mo tún jowú pé òun ló fà mí yọ. Ọjọ́ kẹta ni mo tó di ẹja tó dára jù lórí àtẹ mi ránṣẹ́ sí i.

Ọmọ ọmọ mi ni mo pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní pápá lọ́jọ́ bàlúùnù yẹn. “Kí ló dé tó ò di ọwọ́ tèmi mú?”

Ó yà á lẹ́nu. “Ìyá Ẹ̀pẹ́, ṣé ẹ̀rù ba ẹ̀yin náà ni? Ẹ ò sọ fún mi.”

Àwọn obìnrin ọjà ti ń bi mí báyìí bóyá àwọn náà lè gùn ún. Mo ní kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n tètè lọ láàárọ̀, kí wọ́n béèrè gbogbo ohun tó bá ń já wọn láyà, kí wọ́n sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dópin. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ ọ́ síta. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló pẹ́ kí n tó mọ̀.

Nígbà tí mo tún di ẹja lọ sí Ìkòròdú, àwọn méjèèjì wá pàdé mi níbi tí mo ti sọ̀. Mo ti fúnra mi sọdá títì ńlá tó wà níwájú ibẹ̀ láìmọye ìgbà, tèmi ti ẹrù lórí. Lọ́jọ́ náà, mo dúró. Mo ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí.” Kì í ṣe irọ́ pátápátá, àgbà ti ń dé, ọ̀kadà ò sì mojú ẹnì kan. Ó na ọwọ́ sí mi kíá. Àna mi, tó ti sọdá ṣíwájú wa, kígbe láti òdìkejì: “Ìyá Ẹ̀pẹ́, ẹ má sọ̀ o! Wọn ò tíì ní ó yá!”

Ọmọ náà ṣì ń pè é ní Màmá, ó ṣì ń pe èmi ní Ìyá Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ka ohun tí obìnrin yẹn ń gbà, n kò béèrè tèmi rí. A sọdá tán, ọmọ náà fẹ́ jọ̀wọ́ mi. Mo ní kò tíì yá.