Táòfíkì Tún Ilé Tò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Táòfíkì jẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Fèrèsé onígíláàsì ló ń ṣe ní Òkè-Fìà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fèrèsé kì í pẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹja ni kí ẹ bi í. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, inú rẹ̀ ló ti ń sin àwọn ẹja aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń pè ní síkílídì. Ìbátan epìyà tí à ń dín jẹ ni wọ́n, àmọ́ wíwò ni tiwọn, kì í ṣe jíjẹ. Ohun tí wọ́n sì ń fi han ẹni tó ń wò wọ́n láàárọ̀ lálẹ́ kò ju ìjà lọ.

Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má run igbẹ́. Síkílídì á jà. Ọ̀kan á gba igun kan, á ní tòun ni, èyí tó bá yà síbẹ̀, á bu ìrù rẹ̀ jẹ. Èyí tó burú jù nínú wọn, aláwọ̀ búlúù kan, Alága ni Táòfíkì sọ ọ́, nítorí ìwà alága gáréèjì ló ń hù. Àpáàdì ìkòkò ni ó fi kọ́lé fún wọn, kí èyí tí wọ́n ń lé lè rí ibi sá sí. Bó bá wá fẹ́ fi ẹja tuntun kún wọn, ọgbọ́n kan wà tó máa ń dá. Á kó gbogbo òkúta àti àpáàdì jáde, á tún inú àpótí tò látìbẹ̀rẹ̀, á wá da àtijọ́ àti tuntun pọ̀ sínú ibi tí ìkankan wọn ò mọ̀ rí. Alága á máa wò bọ̀ọ̀. Kò ní igun mọ́, kí ló fẹ́ jà lé lórí? Kó tó fojú mọ́ ibòmíràn, àlejò ti di ará ilé.

"Ìjà ò sí lára ẹja," Táòfíkì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Ara igun ló wà." Á sì mi orí bí ààfáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù tán.

Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Sẹ̀gilọlá, ọmọ Iléṣà ni. Àìsàn ló mú un lọ, ó sì fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, Ikhlas, tí kò tíì jáde ilé ìwé girama. Bàbá àti ọmọ jọ gbé fún ìgbà díẹ̀, ọmọ ló ń dáná, bàbá ló ń fọ abọ́. Lẹ́yìn náà ni Táòfíkì fẹ́ Àsmá'ù, aránṣọ tó ń ta híjáàbù ní Ọjà Ọba. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, àwọn aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n sí ẹlẹ́ja ń pariwo pé, "Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́!" Táòfíkì ló rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Àga onígi kan wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ tí Sẹ̀gilọlá máa ń jókòó sí bó bá ń ṣa ẹ̀gúsí. Ọjọ́ tí Àsmá'ù jókòó sí i, Ikhlas lọ dúró tì í, kò kúrò, títí obìnrin náà fi dìde. Bí Àsmá'ù bá mú ìkòkò, "Ti màmá mi ni." Bó bá mú ife, "Ti màmá mi ni." Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Àsmá'ù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ikhlas náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìbànújẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì rí ibi gbé e kà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì fa ìkòkò mọ́ra wọn lọ́wọ́ nídìí iná, omi gbígbóná sì ta sí Àsmá'ù lápá. Táòfíkì ló ń fi oògùn pa á lára nígbà tí obìnrin náà sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ikhlas, mi ò bá ọmọ yín jà o. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ báyìí, màá padà sílé bàbá mi. Ẹ má bínú."

Bí Àsmá'ù bá lọ, ilé Táòfíkì tú nìyẹn. Bó bá sì lé Ikhlas lọ fún àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, ojú wo ni yóò fi wo sàréè Sẹ̀gilọlá? Ó jókòó ti àpótí ẹja rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú náà ti bá a.

Nígbà ìsinmi, Ikhlas bá àwọn ọmọ ilé kéwú rẹ̀ lọ sí Ẹdẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kó tó dé, Táòfíkì ti kun gbogbo ara ògiri. Ó gbé ibùsùn ọmọ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó gbé máṣíìnì ìránṣọ Àsmá'ù sí yàrá ọmọ. Ó ra ìkòkò tuntun àti ife tuntun tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àga onígi, ìkòkò àtijọ́, ìró Sẹ̀gilọlá tó wà lára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àní fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri, gbogbo rẹ̀ ló kó sínú ọkọ̀ lọ sí Iléṣà, fún Ògúnjìnmí, ẹ̀gbọ́n olóògbé.

"Ṣé ẹ ti sọ fún un?" Àsmá'ù bi í.

"Bí mo bá sọ fún un, á ti yan igun kó tó dé."

Ògúnjìnmí pè é lórí fóònù láti Iléṣà. "Táòfíkì, mo rí ẹrù gbà. Ṣé ọmọ ló ní kí o kó o wá?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kí ilé tòrò ni."

"Ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò ní í lò ó níbí."

Ikhlas dé. Ó dúró síbi tí àga wà tẹ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀. Táòfíkì ti múra sílẹ̀ de ariwo, ṣùgbọ́n ariwo ò wá. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó bá máṣíìnì níbẹ̀, ó sì padà jáde.

"Dádì, níbo ni kí n máa sùn?"

Ilé sì tòrò lóòótọ́. Ikhlas ń kúnlẹ̀ kí Àsmá'ù, ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Àsmá'ù ò sọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu Táòfíkì ò gbófo: "Ṣebí mo sọ fún yín pé ara igun ló wà!" Ó dùn mọ́ ọn débi pé kò wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó ń pààrọ̀ omi ẹja nígbà tí Ikhlas yọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó mú ife lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bu omi mu?"

Àsmá'ù gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. "Ikhlas, mo ti bẹ̀ ọ́ pé kí o yé tọrọ omi lọ́wọ́ mi." Ó wo ọkọ rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi dá a lóhùn."

Rọ́bà tó fi ń fa omi bọ́ lọ́wọ́ Táòfíkì. "Ikhlas, ta ló ń tọrọ omi nínú ilé ara rẹ̀?"

"Dádì, èwo ni tèmi níbẹ̀?" Kò sí àfojúdi nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ fi hàn mí, mi ò ní í kọjá ibẹ̀."

Omi ń ṣàn lọ sábẹ́ àga. Táòfíkì wo pálọ̀, ó wo ọ̀nà yàrá, ó wo ilé ìdáná pẹ̀lú àwọn ìkòkò tuntun rẹ̀, kò sì rí ohun kan tó lè nawọ́ sí pé ti ọmọ rẹ̀ nìyí. Ikhlas dúró, ó di ife mú, ó ń retí èsì.