Sìgá Tí Akọ̀wé Septimus Jáwọ́ Nínú Ẹ̀

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ l'Ékòó, Septimus Ọláníyì wà lára àwọn akọ̀wé tó ń ṣètò ìnáwó ìjọba. Iṣẹ́ wọn ni láti fojú sun ọdún tó ń bọ̀: èló ni yóò wọlé, èló ni yóò jáde. Ọmọ Sàró ni, ìtòsí Igbosere ló ń gbé. Ó ti búra pé ohun tó bá rí lọ́fíìsì kò ní dé etí ẹnikẹ́ni. Louisa ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, owó kòkó já wálẹ̀ lókè òkun, bẹ́ẹ̀ àwọn títì àti ilé ìwòsàn tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé pa tì. Septimus àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn: ìnáwó yóò ju ohun tó ń wọlé lọ. Àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n bu owó lé sìgá tó ń ti òkè òkun wọlé, kí wọ́n lè dí àlàfo náà.

Septimus fúnra rẹ̀ kì í yé mu sìgá. Ó rò ó pé bó bá wọ́n, apá òun ò ní ká a mọ́, kóun kúkú tètè fi í sílẹ̀. Bó ṣe jáwọ́ nìyẹn. Kò sọ ìdí ẹ̀ fẹ́nì kan.

Ọjọ́ tí wọ́n ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, ó jókòó ti asọ̀rọ̀mágbèsì ní pálọ̀. Ìròyìn ò tíì parí tí Louisa fi já wọlé láti ọjà Òkè Àrin, tó ń mí hẹlẹ.

"Bàbá Theodora, kò sí sìgá lọ́jà o! Láti ìjẹta ni wọ́n ti kó o pamọ́. Wọ́n láwọn ti mọ̀ pé á gbówó lórí."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni."

Septimus pa asọ̀rọ̀mágbèsì náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ọjà ti dé ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó sì pè é. "Ọláníyì, ta lo sọ ọ́ fún?" Septimus fi Bíbélì búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi wádìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ń yẹra fún un.

Kò lè mú un mọ́ra. Ó kọrí sí Òkè Àrin, ó bá Àlímọ̀t, obìnrin tó ti ń ta sìgá fún un láti ìgbà àpọ́n ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ta ló sọ fún yín?"

Àlímọ̀t wò ó tìyanutìyanu. "Bọ̀dá akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni? Nígbà tí àìsàn dá yín gúnlẹ̀, ẹ ṣì ránṣẹ́ wá ra sìgá. Ó wá dọdún yìí, ẹ̀ ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi, ẹ ò yà. Mo ní, bọ́jẹ́ẹ̀tì kù sí dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé ìjọba sì jáwọ́ nínú sìgá? Ó ti rí nǹkan! Mo sọ fún Jíbrílù ọkọ mi, òun náà sọ fún àwọn oníṣòwò l'Ápọ́ngbọ̀n."

Septimus yí padà, ó kọrí sí ọ́fíìsì.

Kò fi ohunkóhun pa mọ́ nígbà tó padà délé iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó ṣáá, ó bọ́ awò ojú, ó tún fi í sójú. Wọn ò lé e, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí ètò ìnáwó, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń to fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ló wà títí òun náà fi gba pẹ́ńṣọ̀n.

Láti ìgbà náà, bí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti ń sún mọ́lé, Septimus kì í dé ọjà. Louisa ló ń lọ ra búrẹ́dì.