Ọkọ̀ Òkun Tí Samson Gbẹ́ ní Ìpáò

Odò tó tóbi jù ládùúgbò tí Samson ń gbé ní Ìpáò-Èkìtì, ewúrẹ́ tó lóyún lè fò ó kọjá kó má sì tutù lẹ́sẹ̀. Ìlú yìí náà ló jókòó sí tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ.

Nígbà tó fi ìtì igi àràbà dí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, gbogbo ìlú sọ ọ́ di Nóà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ọ̀run. Bàbá Adéoyè, àgbẹ̀ oníkòkó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, wá bèèrè bóyá àyè á gba ewúrẹ́ òun méjì, akọ kan, abo kan.

Samson kò retí òjò kankan. Ọmọ Ẹ̀bá-Òkun ni, ìlú àwọn apẹja ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé e wá sí Èkìtì, Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó padà. Àwọn ará ilé ní Ẹ̀bá-Òkun fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà nípa àṣà ìlú wọn, Samson sì ní ọkọ̀ lòun máa gbé wá, òun á gbẹ́ gbogbo ìlú sí i lára. Bàbá rẹ̀, tó ti gbẹ́ ọkọ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ bí ọkọ̀, dá a lóhùn lórí fóònù.

"Èyí tí kò bá léfòó, má gbé e dé ọ̀dọ̀ mi o. Igi ìdáná nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Samson gbádùn oúnjẹ mọ́. Ó gbẹ́ ilé orí òpó, ó gbẹ́ afárá pákó, ó gbẹ́ obìnrin tó ń yan ẹja. Ẹja ọ̀hún jọ ẹja débi pé ológbò Àbẹ̀kẹ́ lá a títí ahọ́n rẹ̀ fi bó. Apá ọ̀tún ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ làwọn òǹwòran máa dúró sí.

Wọ́n gbé e lọ sí dáàmù Ìtàpájí láti dán an wò. Ìdajì Ìpáò gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Samson wọ ọkọ̀, ó di àjẹ̀ mú bí ẹni di ọ̀pá àṣẹ mú. Ọkọ̀ náà rọra fì sí òsì, ó sì da ọmọ Ẹ̀bá-Òkun sómi lójú àwọn àgbẹ̀. Bàbá Adéoyè ní òun á kúkú mú ewúrẹ́ òun relé.

Ẹ̀bi ọwọ́ rẹ̀ ni. Igi tó gbẹ́ kúrò lápá ọ̀tún ti pọ̀ jù, òsì wá wúwo. Àfi kó gbẹ́ òsì náà. Onílé àti àlejò ní kó gbẹ́ kòkó sí i. Àbẹ̀kẹ́ ló bèèrè pé òkun ńkọ́.

"Mi ò gbẹ́ òkun," Samson wí. "Ó ti kó ilé ìyá mi lọ. Ṣé kí n tún máa yìn ín ni?"

"Kí ló fi tọ́ ọ dàgbà, Bàbá Bólú?" Àbẹ̀kẹ́ bi í.

Samson wolẹ̀. "Ẹja."

"Gbẹ́ ẹ jàre. Mo fẹ́ ráyè wọ ulé ìdáná mi."

Ó gbẹ́ ẹ tìbínú-tìbínú. Ìgbì tó gbẹ́ ga débi pé ó yẹ kí Ìpáò sá gun òkè. Láàárín ìgbì náà ló fi òrùlé ìyá rẹ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n padà dé dáàmù, ọkọ̀ tẹ́ sórí omi bí ẹní. Samson jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó tù ú dé àárín omi, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fídíò. Bàbá ní kó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ òsì, kó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ó wò ó pẹ́.

"Ilé ìyá rẹ nìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

"Òrùlé wa ò ga tó bẹ́ẹ̀. Gbé e bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n sún sẹ́yìn ná, ìdí ọkọ̀ la ti ń tù ú."

Samson sún sẹ́yìn.