Mọ́tò Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Onínúfùfù ni mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Zogbeli, àdúgbò kan ní ìlú Tamale ní Ghana, lédè baba wọn ní gbogbo Sátidé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń wò. Màá pariwo "a, b, d" títí ọ̀fun mi á fi gbẹ, Hausa ni wọ́n á fi dá mi lóhùn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké àmọ́ tí kì í sọ ọ́. Ìyá bàbá rẹ̀, Àlájà, ti ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé àwọn ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá, pé bí ọmọ náà ò bá lè bá àwọn sọ̀rọ̀, àwọn á mú un lọ sílé. Ọmọ ọ̀hún ò sì fẹ́ kúrò ní Tamale rárá. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ràn láyé yìí gan-an?"

"Mọ́tò," ọmọbìnrin náà dáhùn.

Mo yára ya mọ́tò sójú pátákó: táyà mẹ́rin, ilẹ̀kùn, gíláàsì. Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, mọ́tò kọ́ nìyẹn! Káà ni!"

Àṣé alùpùpù ni wọ́n ń pè ní mọ́tò níbí! Ojú tì mí, ẹ̀rín sì tún pa mí. Mo na ṣọ́ọ̀kì sí ọmọbìnrin náà: "Ó yá, wá kọ́ mi." Láti ọjọ́ náà, mọ́tò tí ọmọbìnrin náà máa ń gùn wá láti àdúgbò Choggu di ìwé wa. Á fọwọ́ kan nǹkan lára mọ́tò, a ó jọ wá orúkọ rẹ̀. "A, b, d" sì wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ "bíréékì".

Àlájà dé, mo sì lọ kí wọn nílé ọmọ náà. Wọ́n ní kí ọmọ sọ̀rọ̀. Ló bá kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ n fi mọ́tò mi gbé yín jáde."

Àlájà wo ìta, wọ́n ń wá káà. "Mọ́tò dà?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, Màmá. Ẹ dì mí mú dáadáa. Ẹ má fẹsẹ̀ kan ibi tí èéfín ń gbà jáde, ó gbóná."

Wọ́n gun mọ́tò dé àdúgbò Kukuo, wọ́n padà, ìborùn Àlájà ti wọ́ sẹ́yìn ọrùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọ bi wọ́n pé ìgbà wo ni kí ọmọ di ẹrù.

"Ẹrù wo?" ni Àlájà fèsì. "Bí mo bá tún dé, ṣé ìwọ lo máa fi mọ́tò gbé mi?"