Ẹ̀gbà Òòfà Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Tí mo bá gbọ́ òórùn aṣọ tuntun tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Mówè ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Télọ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì tún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà rẹ̀ kan láti Ìbàfò mú ẹ̀gbà ọwọ́ kan wá fún un, ó dúdú, ó ń dán, ó sì wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Obìnrin náà ní òòfà ló wà nínú rẹ̀, pé á máa fa ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, àìsàn á sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àfìgbà tó na ọwọ́ sórí tábìlì tí àwọn píìnì rẹ̀ fò mọ́ ẹ̀gbà náà. Ó pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ìwọ náà wò ó! Ṣé irọ́ lèyí?"

Kì í ṣe irọ́, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti pa oògùn rẹ̀ tì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo oògùn yín mọ́ ẹ̀gbà yẹn." Ó ní ara òun ò fúyẹ́ tó báyìí rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí pé ó ṣubú lẹ́yìn máṣíìnì. Nígbà tí mo dé ọsibítù, apá òsì rẹ̀ ti rọ, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ẹ̀gbà náà ṣì wà lọ́wọ́ tí kò lè gbé mọ́ yẹn, píìnì sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì rọra ń yọ wọ́n. Mo bi dókítà pé ṣé kò sí irin nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀gbà òòfà lè fà bó ṣe ń fa píìnì.

Obìnrin Ìbàfò náà wá kí wa. Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sí i sílẹ̀ nínú mi. Àmọ́ ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, mo sì rí i pé irú ẹ̀gbà kan náà wà lọ́wọ́ òun náà.

"Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ fún wọn?" ló ń bi mí.



Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde mọ́. Ilé bàbá wa ní Ifọ̀ la sin ín sí. Ká ní òpùrọ́ ni obìnrin yẹn ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ǹ bá bínú sí i, kí ọkàn mi sì sinmi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí, ìtumọ̀ tó fún un ló ṣì. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fojú ara òun rí nǹkan, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ máa ń bà mí.