Ojú Èyí Tó Kù Nílé

Obìnrin tó gbé ọmọ wa lọ gba yàrá kan nílé tó kángun sí tiwa ní Igbó-Ọrà. Ó máa ń bá mi bó ẹ̀gúsí, ó sì ń pè mí ní Màmá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn ìbejì tí ọmọ mi obìnrin bí lọ ra bisikíìtì. Láti ọjọ́ náà, a ò rí obìnrin, a ò rí ọmọ.

Ọlọ́kadà kan rí wọn lójú ọ̀nà Èrúwà. Ó dá ọmọ náà mọ̀, ara fu ú, ó sì yà sílé wa kó lè sọ fún wa. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó rí ọmọ níwájú ilé tó ń fi yanrìn ṣeré. Ó ní, "Àṣé wọ́n ti dé," ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà. Ìkejì ló rí. Ọmọ ìlú wa ni ọlọ́kadà náà, òun náà bí ìbejì, síbẹ̀ ó ṣì wọ́n mú. Nígbà tó gbọ́, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń sunkún. N kò bá a jà. Èmi tí mo wẹ̀ wọ́n, mo ṣì máa ń pe ọ̀kan lórúkọ èkejì.

Gbogbo àwọn tó bá wa wá a lọ́sẹ̀ náà ni mo rántí lórúkọ. N kò ní kọ orúkọ wọn síbí, torí púpọ̀ nínú wọn ti kú.

Fọ́tò ìsọmọlórúkọ nìkan la ní, ìkókó sì ni wọ́n nínú rẹ̀. Nítorí náà, èyí tó kù la ń mú dání. A dé ibùdókọ̀ Èrúwà, a dé Ìdèrè, a dé àwọn ọjà oko tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Màá fà á síwájú, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó jọ èyí gẹ́lẹ́ là ń wá."

Àwọn mìíràn á bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, ọmọ yín ló wà lọ́wọ́ yín yìí. Kí lẹ tún ń wá?"

Màá tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nígbà mìíràn wọ́n á pè wá pé àwọn ti rí i. A ó sáré débẹ̀, àṣé èyí tí mo mú wá lóṣù tó kọjá ni wọ́n rí.

Lẹ́nu ìwákiri yìí ni èyí tó kù ti dàgbà. Nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ká, mo mọ̀ pé ti ìkejì rẹ̀ náà á ti ká, níbi yòówù kó wà.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, wọ́n ní ọmọbìnrin kan ń bá obìnrin àjèjì ta gààrí lọ́nà Ìdèrè. Mo wọ bàtà, mo pe èyí tó wà nílé.

"Màmá, n kò lọ."

"O ò lọ bíi ti báwo?"

"Bí wọ́n bá ti ń wò mí báyẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo sọnù."

"Ta ló máa wá mọ̀ ọ́n?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́."

Ìyá rẹ̀ pariwo láti ìdí ààrò: "Màmá, ẹ jẹ́ kó sinmi!"

Mo dá lọ. Ọmọ ibẹ̀ kò jọ ọ́ rárá. Ẹlẹ́gààrí bi mí pé báwo lọmọ mi ṣe rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ó pupa, ó ga dé èjìká mi, ó máa ń di ojú kan bó bá ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó wà nílé ni mo ń sọ. Ẹlẹ́gààrí náà fún mi lómi mu.

Nígbà tí mo délé, ọmọ náà bi mí bóyá ìkejì òun ni mo rí. Mo ní òun kọ́. Mo sọ fún un pé n kò ní mú un dání mọ́.

"Ṣé ẹ máa wá jáwọ́ ni?"

"Rárá o."

Ó wo ẹsẹ̀ mi tó wú. Ó lọ gbé omi gbígbóná wá, ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi aṣọ jó o fún mi.