Sìgá Tí Mi Ò Tà fún Ọmọdé

Àlààjá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tajà lẹ́yìn Ọ̀fà Gáréèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó nawọ́ sí pẹpẹ tí sìgá wà, ó ní: “Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, má tà á fún un. Bí ojú rẹ̀ bá rú ọ lójú, bèèrè káàdì.”

Iṣẹ́ tó rọrùn ni mo pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ti nírùngbọ̀n a máa bú mi pé ṣé mi ò ríran ni. Obìnrin pẹ́ńpẹ́ kan tiẹ̀ wà tó fa àwọn ọmọ rẹ̀ méjì síwájú kántà, ó ní kí n bi wọ́n bóyá ìyá wọn ti dàgbà. Èmi àti ẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín ni.

Ti ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ yìí kò mú ẹ̀rín wá rárá. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló wọ̀, pẹ̀lú hìjáàbù funfun. Mo mọ̀ ọ́n. Wọn ò gbé jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wa, bàbá rẹ̀ sì ni àgbàlagbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú, tí tọmọdé tàgbà ń bọ̀wọ̀ fún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àǹtí, ẹ bá mi mú páálí sìgá kan.”

“Ta ló rán ọ?”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mẹ́tàlá, mà.”

“Mi ò lè tà á fún ọ. Sọ fún ẹni tó rán ọ pé kó wá fúnra rẹ̀.”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n á bínú.”

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́, kì í padà wá sọ pé ẹlòmíràn ló ní kóun má jẹ́ ẹ. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àìmọye ìgbà ni wọ́n rán mi lọ sí ọjà Ipata nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò sì padà wálé lọ́wọ́ òfo rí. Síbẹ̀, mi ò nawọ́ sí sìgá náà. Ó dúró títí, nígbà tó rí i pé mi ò ní tà á, ó jáde.

Bí wọ́n ṣe kírun làásárì tán ni bàbá rẹ̀ wọlé, tẹ̀súbà lọ́wọ́. Àwọn obìnrin méjì ń rajà lọ́wọ́ mi.

“Ìwọ lo dá ọmọ mi padà?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, bàbá. Òfin ló ní ká má tà á fún ọmọdé.”

“Ọmọ tí mo bí! Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí mo ṣe máa rán an níṣẹ́ ni?”

“Rárá o, bàbá. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, mo lè fún ẹ̀yin fúnra yín báyìí.”

Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn ń kéwú lọ́dọ̀ bàbá. Obìnrin náà gbójú sókè, ó ń wo bàbá. Bàbá la ẹnu, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ ohun tó fẹ́ rà. Ó ká tẹ̀súbà mọ́wọ́, ó wúkọ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn, ọmọ náà ò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ wọkọ̀ lọ sílé nínú gáréèjì, ni mo rí hìjáàbù funfun láàárín àwọn agbèrò, níwájú tábìlì obìnrin kan tó ń ta sìgá àti paraga. Ọkùnrin kan di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àfi kó sọ orúkọ rẹ̀ kóun tó fi í sílẹ̀. Páálí sìgá wà ní ọwọ́ ọmọ náà kejì.

“Fi ọmọ mi sílẹ̀!” Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo.

Ọkùnrin náà tú u sílẹ̀, ó ní eré lòun ń bá a ṣe. Mo fa ọmọ náà lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù nini. Kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó sọ títí a fi délé ni: “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ò tà á fún mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìbínú bàbá rẹ̀ lọ.

A bá bàbá lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn ohun tí mo rí fún wọn, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Sìgá? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí dókítà sọ?”

Ó dìde, ìrẹsì dà sílẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Bàbá ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní: “Mi ò ní rán an mọ́.”

Kò sì rán an mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá, lọ́sàn-án gangan tí kò sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò dáhùn ìkíni mi. Ó fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lórí kántà. “Wò ó dáadáa, bóyá mo ti dàgbà tó.”

Mo mú páálí kan fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá, a ó ti máa gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lójú títì kó tó wọlé.

Ni ìyàwó rẹ̀ bá wá bá mi. “Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tà á fún wọn mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ń bàjẹ́.”

“Ìyá, àgbàlagbà ni wọ́n. Kí ni kí n wí fún wọn?”

“Ọmọdé nìkan lo lè dá padà?”

Mo sọ fún Àlààjá. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹni tó bá ti dàgbà, a ò lè ní kó má rà. Nígbà tí bàbá tún wá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ro ti ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le mọ́ nígbà tó dáhùn.

“Ṣé o rò pé mi ò tíì gbìyànjú? Nígbà tí mo ti ń gbìyànjú àtifi í sílẹ̀, wọn ò tíì bí ọ.”

Mo na páálí sìgá sí i.

Bàbá ò jáde mọ́ báyìí. Wọ́n ní orí ẹní àìsàn ló wà, àwọn ọmọ kéwú sì ti lọ sọ́dọ̀ àlùfáà mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ra mílíìkì lọ́wọ́ mi, a sì ń kíra. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà, bó bá ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀, òdì kejì títì ló máa ń gbà.